Ìwọ̀n Ìka Mẹ́rin

Ọdẹ ayé àtijọ́ ní agbègbè Odigbo, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kì í ra ọta tí wọ́n ti dì tán. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kì ìbọn rẹ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, tí ó ti mọ irú ẹran tí ó ń lọ dè, á jókòó sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ṣakabùlà níwájú rẹ̀, á da ẹ̀tù láti inú àdó sínú ìbọn, á fi ìhá ẹyìn tẹ̀lé e, á sì fi ọ̀pá gún un títí yóò fi kì mọ́lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọta ń wọlé, tí ìhá mìíràn á tún dí i lórí, kí ọta má baà yí jáde bí ọdẹ bá dojú ìbọn kọlẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an ni ọ̀pá yẹn. Bí ìbọn bá ṣófo, ọ̀pá náà wọlé tán. Bí wọ́n bá ti kì í, apá kan á yọ síta lẹ́nu ìbọn, ọdẹ á wá fi ìka wọn èyí tó yọ. Ìka mẹ́rin tó fún ẹtu. Fún àgbọ̀nrín, á fi ìka kan tàbí méjì lé e. Ẹni tó bá kì í dé ìka mẹ́jọ, ẹfọ̀n ló ń lépa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wo orí rẹ̀ bóyá ó pé.

Ohun mẹ́ta ni ìka yìí ń wọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà: bí ẹran ti tóbi tó, bí yóò ti súnmọ́ ọdẹ tó, àti bí ejìká ẹni tó ni ìbọn ti lè gbà á tó. Àgbàlagbà tí egungun rẹ̀ ti ń rọ̀ á dín ẹ̀tù kù, á wá ní sùúrù kí ẹran túbọ̀ súnmọ́ òun kí ó tó yìn ín. Kò sí ẹni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ, ìwọ̀n kékeré ni bàbá rẹ̀ ń kì fún un, kí ẹ̀rù ìbọn má baà wọ̀ ọ́ lára láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí ẹ̀rù ìbọn, tó bá ti wọlé, kì í tètè jáde.

Lónìí, ilé iṣẹ́ ló ń kì í. Ọta ìgbàlódé dé inú páálí, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú páálí kan lọ́pọ̀ ìgbà, ike pupa tàbí ti búlúù lára, idẹ tó ń dán nídìí. Ọdẹ ò mọ ẹni tó wọ̀n ọ́n, ẹni tó sì wọ̀n ọ́n ò mọ ejìká ọdẹ. Gbogbo ohun tó kù fún ọdẹ láti yàn ni èyí tó máa rà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ sì ti yàn kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń tà á: èyí tó bá le jù ni.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní Àgọ́ Aláyè tó ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ọta tuntun wá fi han bàbá àgbàlagbà kan tó ti fìgbà ayé rẹ̀ ṣọdẹ.

“Bàbá, ẹ wò ó o. Èyí tó lágbára jù ni mo rà.”

Bàbá gbà á, ó gbé e wò lọ́wọ́, ó dá a padà. “Ọmọ mi, erin ló kù tí o fẹ́ pa ni?”

“Rárá o, Bàbá. Àgbọ̀nrín ni.”

“Àgbọ̀nrín. Ejìká tìrẹ ńkọ́? Òun náà wà lára ohun tí o fẹ́ pa?”

Ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ní bí òun ṣe yin ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, apá kò ṣeé gbé sókè lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí kò sí awo kankan nínú rẹ̀. Ohun tó bá ń jáde lẹ́nu ìbọn níwájú, bó bá ti wúwo tó, tó sì yára tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ń ta sẹ́yìn tó. Bí ìbọn fúnra rẹ̀ bá tún fúyẹ́, a jẹ́ pé ejìká ló máa ru ẹrù tó kù. Ìbọn ìwọ̀n 12 ló gbòde láàárín àwọn ọdẹ wa, ọta rẹ̀ sì wà lóríṣiríṣi. Èyí tó fúyẹ́ máa ń gbé òjé tó tó gíráàmù 24 tàbí 28. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ti ọdẹ máa ń gbé 32 tàbí 36. Mágínọ́ọ̀mù, tó gùn tó mílímítà 76, lè gbé 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká mú ìbọn kan ṣoṣo, ká yin ti gíráàmù 36 nínú rẹ̀, ká tún yin ti 24 tí wọ́n jọ yára bákan náà: agbára tí ìdí ìbọn fi ń gbá ejìká á já sí nǹkan bí ìdajì. Ìdajì! Ẹran tó sì dúró ní ogún ìṣísẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì, bí ọta bá ti bá a níbi tó yẹ.

Ẹ̀tù dúdú ayé àtijọ́ tún ní ìwà tirẹ̀. Agbára rẹ̀ kò tó ti òde òní, nítorí náà, ìbọn ṣakabùlà máa ń ti ni sẹ́yìn ni, kì í tani. Èéfín rẹ̀ pọ̀, òórùn rẹ̀ le, iná rẹ̀ sì lè jó ìrun ojú, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í fi gbé ojú lé ìdí ìbọn. Ìbọn náà gùn, ó wúwo, ìwúwo yẹn sì ń bá ejìká gbé nínú ìyà náà. Ọta òde òní ní tirẹ̀ a máa tani nípàá bí ẹṣin. Bí a bá wá kó o sínú ìbọn fúfúyẹ́ tí ìdí rẹ̀ jẹ́ igi gbígbẹ lásán, tí kò ní rọ́bà, kí la rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ti àtijọ́ ló dáa. Ṣakabùlà ti fọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ lójú. Ẹni tó ṣi ìka wọ̀n, tàbí tó gbàgbé pé òun ti kì í tẹ́lẹ̀, tó tún kì í lẹ́ẹ̀kejì, ìyàwó rẹ̀ ló máa ròyìn ìyókù. Àwọn alágbẹ̀dẹ míì ń fi páìpù omi àti irin ọkọ̀ ṣe ọ̀pá ìbọn, irin tí ẹni tó ṣe é kò rò rí pé ẹ̀tù máa jó nínú rẹ̀. Òjò sì wà. Ọdẹ á dè títí di ìdájí, àgbọ̀nrín á yọ, á dúró, á yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ọdẹ á fa ìbọn, ìbọn á dún “kẹ́ẹ́”, ó parí. Ẹ̀tù ti gba omi. Irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀, ọta inú ike ti mú un kúrò, ká sì yìn ín fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n sùúrù tó bá ṣakabùlà lọ ni mo ń ṣàárò rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ọta kan ṣoṣo ló wà nínú ìbọn, tí kíkì òmíràn á sì gba àkókò tí ẹran á fi sá dé ìlú kejì, ọdẹ kì í yìnbọn àfi tó bá dá a lójú. Ó mọ ibi tí ọkàn ẹran wà lẹ́yìn apá iwájú. Ó mọ̀ pé ẹran tó kọjú sí òun gbọọrọ kì í ṣe ẹran yínyìn, á dúró kó yí. Igbó tó ń gba irú sùúrù bẹ́ẹ̀ náà sì wà. Láti Odigbo dé Ọ̀rẹ̀, láti Ọ̀rẹ̀ lọ sápá Ọmọ́tóṣọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Benin, ìrókò, ọ̀mọ̀, arère àti afàrà so ewé mọ́ra lókè débi tí oòrùn kì í fi kan ilẹ̀. Igbó ọba Olúwa, tí ìjọba fi ààlà sí láyé àwọn òyìnbó, wà nítòsí. Nígbà ìyeyè, ọdẹ ò ní í rìn jìnnà: á ṣe ègùn sórí igi tó kọjú sí ibi tí èso ń já bọ́ sí, á gùn ún lọ, á sì dákẹ́ síbẹ̀. Àtùpà kábáàdì ló wà níwájú orí rẹ̀, tí omi ń kán sórí kábáàdì nínú agolo, tí iná funfun ń jó fòò lẹ́nu rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í jìnnà. Ibi tó mọ náà ni ìbọn mọ. Ojú àti ọta wà lójú kan náà.

Ọ̀rẹ̀ gbọ́ ìbọn tí kì í ṣe tọdẹ ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin kọjá, tí wọ́n dé Ọ̀rẹ̀ kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà. Títí dòní, bí ọ̀rọ̀ bá le, àwọn èèyàn á ní “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀.” Ogun lọ, ọ̀nà márosẹ̀ dé. Ọ̀rẹ̀ di ibi tí bọ́ọ̀sì ìlà-oòrùn ń dúró sí jẹun, ẹran ìgbẹ́ wá di ohun tí wọ́n ń so rọ̀ lẹ́bàá títì fún arìnrìn-àjò. Ẹ̀rọ ìlagi dé. Ìjọba gé apá kan igbó, wọ́n gbin gẹ̀mẹ́línà síbẹ̀ nítorí ilé iṣẹ́ ìwé Ìwópin, ilé iṣẹ́ tí kò rí bí wọ́n ṣe rò ó. Gẹ̀mẹ́línà tò lọ rẹrẹẹrẹ, ṣùgbọ́n kí ni àgbọ̀nrín fẹ́ jẹ lábẹ́ rẹ̀? Kòkó tẹ̀lé e, ọ̀pẹ tẹ̀lé e. Ẹran tó kù wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù èèyàn.

Ìbẹ̀rù yẹn ló gbé ọta ńlá dé, bí mo bá ro ó dáadáa. Ẹran ò súnmọ́ ọdẹ mọ́, tọ́ọ̀ṣì orí tó ti China wá sì ń tan ìmọ́lẹ̀ tó jìnnà ju ibi tí ọta lè ṣiṣẹ́ dé lọ. Ọ̀dọ́ á rí ojú ẹran tó ń tàn yanran ní ọgọ́ta mítà, á ní kí òun fi ọta ńlá mú un. Kò mọ̀ pé bí òjé bá ti ń jìnnà sí ẹnu ìbọn, bẹ́ẹ̀ ló ń fọ́n ká. Agbára ńlá kì í kó o jọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ti dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àti lọ́dún tó tẹ̀lé e tí Rótìmí Akérédolú, gómìnà Oǹdó nígbà náà, ní kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba, ọ̀rọ̀ ààbò ti wọ inú iṣẹ́ ọdẹ. Ọdẹ kan náà tó ń lọ dẹ ẹtu ní ọjọ́ Ẹtì ló ń ṣọ́ abúlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọta kan náà ló sì wà lápò rẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó ń ronú pé òun lè pàdé ajínigbé lójú ọ̀nà oko kò ní lọ ra èyí tó rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọta tí a rà nítorí ajínigbé kì í ṣe ọta ẹtu. Ẹtu tó wúwo tó kílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá, tí a fi mágínọ́ọ̀mù yìn, ọbẹ̀ rẹ̀ á kún fún òjé ju ẹran lọ, eyín ọmọdé á sì máa fi ṣe eré.

Ohun tó wá burú jù nínú ìbọn tó ń tani ni pé kì í ṣe ejìká nìkan ló ń bàjẹ́. Ojú ló ń bàjẹ́. Ara ti mọ̀ pé ìyà ń bọ̀. Kí ìka tó fà á tán, ojú ti di, ejìká ti sá, ẹnu ìbọn ti yẹ̀. Ọta tó yẹ kó lọ sẹ́yìn apá á lọ síkùn. Àgbọ̀nrín á fò, á wọ igbó lọ pẹ̀lú ìfun tó ti lu, á kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ìdin á jẹ ẹ́. Láyé àtijọ́, ọdẹ tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kì í sùn. Á padà lọ tọ ẹ̀jẹ̀ lójúmọmọ, nítorí ìtìjú ni kí Olúọdẹ gbọ́. Lónìí, ẹlòmíràn á kàn tún ìbọn kì, á wá òmíràn lọ.

Àwọn ará ìlú òkèèrè tó ń dọdẹ ti mọ èyí tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àgbọ̀nrín tiwọn pọ̀ lọ súà, ọta ráífù .243 Winchester tó jáde lọ́dún 1955 ni ọ̀pọ̀ bàbá ń fi kọ́ ọmọ wọn. Òjé tó ń jáde nínú rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 6.5 lọ, ìtapadà rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti .30-06 tí àwọn ológun wọn lò nínú ogun àgbáyé méjèèjì. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Texas lè wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra irú rẹ̀. Lọ́dún 2007 ni 6.5 Creedmoor dé, òun náà rọ̀ léjìká, ó sì ti gbalẹ̀ kan. Àwọn ará Sweden ti ń fi ọta 6.5×55 tiwọn, tó ti wà láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pa ẹran tó tóbi tó màlúù. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin Scotland kan wà, W. D. M. Bell, tó dọdẹ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tó pa erin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ìyẹn náà ní ìtìjú tirẹ̀, a ò lè máa kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi ráífù 7 mm pa, ìbọn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò bí ohun ìṣeré. Ó ti fi ayùn la orí erin láti mọ ibi tí ọpọlọ wà gan-an. Kò sí ohun tó yàtọ̀ nínú ìyẹn sí ọdẹ Odigbo tó mọ ibi tí ọkàn ẹtu wà.

Ọdẹ tiwa kò lè lọ ra ọta ráífù bó ṣe wù ú. Òfin Ìbọn ọdún 1959 ti ya ráífù ológun bíi 7.62 mm àti .303 sọ́tọ̀ fún ìjọba, ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ìbọn ọdẹ gba ìwé àṣẹ kó tó ní in lọ́wọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yíyan tiwa kò ju ohun tó wà nínú páálí lọ. Ṣùgbọ́n yíyàn ṣì wà níbẹ̀, bí a bá lè ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Nínú àwọn ọta tí wọ́n ń lo lẹ́tà òyìnbó ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹyọ òjé SSG tóbi tó mílímítà 6.8, nǹkan bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú gíráàmù 28. AAA jẹ́ 5.2, nǹkan bíi márùndínlógójì. BB jẹ́ 4.1, nǹkan bí àádọ́rin. Àgbọ̀nrín wa, tí kì í sábà dé ọgọ́rin kílò, kò nílò ju SSG nínú ọta gíráàmù 28 lọ bó bá wà láàárín ogún mítà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹtu, AAA tàbí BB tó fún un. Ẹran tó bá jìnnà ju ìyẹn lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọdẹ ní Odigbo àti Ọ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ lè ṣe é. Kí ọmọ tuntun tó wọ igbó, ẹ gbé páálí kátọ́ọ̀nù ńlá ró ní mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ jẹ́ kó yin ọta fúfúyẹ́ sí i, kó yin ti ńlá, kó fúnra rẹ̀ ka ihò tó wà láàárín. Ẹ yẹ gígùn ọta wò kí ẹ tó kó o sínú ìbọn. Mágínọ́ọ̀mù 76 nínú ìbọn tí wọ́n ṣe fún 70 lè fọ́ mọ́ni lójú. Ìbọn tí alágbẹ̀dẹ ṣe fún ọta ìgbàlódé, ẹ má yìn ín rárá. Kí ẹ sì ra rọ́bà sí ìdí ìbọn yín. Owó rẹ̀ kò tó owó ìpara tí ẹ ń fi pa ejìká.